Ta Ló Pa Ọmọ Ẹyẹ Márùn-ún Inú Àpótí Náà?

Ìbéèrè: "Cardiff ni mo ń gbé. Ní ọdún 2021, ọkọ mi kan àpótí ẹyẹ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn ẹyẹ kékeré olórí aró tí àwọn òyìnbó ń pè ní blue tit wọ inú rẹ̀, wọ́n yé ẹyin mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ló sì di ọmọ. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí ìdérí wò wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún, òjò àti atẹ́gùn tútù dé, kò dá rárá. Mo ṣí àpótí náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá òkú ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti di márùn-ún. Mẹ́rin péré ló fò jáde. Ó dùn mí débi pé mo ní kí wọ́n yọ àpótí náà kúrò, inú gáréèjì ló sì wà di òní. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń bẹ̀ mí pé ká gbé e padà. Ṣé wíwò tí mò ń wò wọ́n ló pa wọ́n, àbí òtútù ni? Tó bá jẹ́ òtútù, báwo ni mẹ́rin ṣe yè? Ṣé ó tọ́ kí n tún gbé àpótí náà síta?"

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa wọ́n. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú gbogbo àlàyé, nítorí ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ àpótí ìtẹ́ wò nínú igbó àti ẹ̀yìnkùlé ní England, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó bá ṣí ìdérí tó bá òkú. Òtútù àti òjò ló pa wọ́n. Àmọ́ bí òtútù náà ṣe mú tó kọ́ ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tó bá wọn nínú ìtẹ́ ló burú. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí òkú kankan.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ọdún náà ṣe rí. Oṣù Kẹrin ọdún 2021 tutù lóru kọjá bó ṣe yẹ. Láti ọdún 1922, kò sí oṣù Kẹrin kan ní Britain tí òtútù òru rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, òru tí omi dì sì pọ̀ ju ti oṣù Kẹrin èyíkéyìí lọ láàárín ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni oṣù Karùn-ún wá gbé òjò tirẹ̀ dé. Ní Wales níbi tí ẹ wà, láti ọdún 1862 tí wọ́n ti ń ka òjò, kò tíì sí oṣù Karùn-ún tí òjò rẹ̀ pọ̀ tó ti ọdún yẹn. Ìjì tó jà ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù náà ni mo gbà pé ẹ ń sọ.

Òtútù méjì ni àwọn ẹyẹ yín bá pàdé nígbà náà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò sì jọra. Ti oṣù Kẹrin dá wọn dúró. Ti oṣù Karùn-ún ló pa wọ́n lọ́mọ.

Blue tit kò ju gíráàmù mọ́kànlá lọ, ìyẹn ìwọ̀n ṣúgà oníhóró mẹ́ta. Ẹyin rẹ̀ kan tó gíráàmù kan, ọ̀kan ló sì ń yé láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyá inú àpótí yín fi máa yé mẹ́sàn-án tán, ohun tó ti ti ara rẹ̀ jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó òun fúnra rẹ̀. Kò sì ní ibi tó kó èròjà ẹyin pamọ́ sí. Ohun tó bá jẹ lónìí ló fi ń ṣe ẹyin ọ̀la. Bí òtútù bá mú tí kòkòrò kò jáde, oúnjẹ díẹ̀ tó bá rí, mímú ara rẹ̀ gbóná lóru ló máa ná an lé. Kò ní sí èyí tó kù fún ẹyin, nítorí náà yóò dúró. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ó lè fo ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó yé òmíràn. Mo rí i ní ọdún 2013, nígbà tí oṣù Kẹta tutù ju gbogbo oṣù Kẹta tí Britain ti rí láti ọdún 1962. Mo ń ti orí àpótí kan bọ́ sórí èkejì ní àárín oṣù Kẹrin, ìtẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ irun àti ìyẹ́ sínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹyin. Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní yé lọ́dún náà. Wọ́n yé. Wọ́n kàn pẹ́ ni.

Ẹyin tí a kò tíì sàba lé kì í tètè bàjẹ́. Ìyá máa ń fi irun àti ewéko inú ìtẹ́ bò ó, á lọ jẹun, ẹyin náà á sì tutù láìsí ewu, nítorí ọmọ inú rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ìgbà tó bá yé èyí tó kẹ́yìn tán tàbí tó kù díẹ̀ ló ń jókòó lé wọn gidi. Láti ìgbà náà, ẹyin gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ọmọ tó lè dàgbà dáadáa. Bó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 26 lọ, ìdàgbà dúró. Ìyá nìkan ló ń sàba, bàbá a máa gbé oúnjẹ wá fún un. Bí òtútù bá mú tí bàbá kò rí tó gbé wá, ìyá á máa jáde lemọ́lemọ́, ẹyin á máa tutù, ọjọ́ tí wọn yóò di ọmọ á sì sún síwájú. Ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kú níbí. Ọjọ́ ló ń lọ, ara ìyá ló sì ń joro.

Ìgbà tí wọ́n bá di ọmọ ni ewu ńlá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ àgbébọ̀ adìẹ. Òròmọdìẹ máa ń jáde pẹ̀lú ìyẹ́ múlọ́múlọ́ lára, á dìde lọ́jọ́ náà, á máa ṣa nǹkan jẹ, ojú rẹ̀ á ti là. Ọmọ àwọn ẹyẹ tó ń kọrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhòòhò ni wọ́n ń wá sáyé, ojú wọn á di pinpin, awọ ara wọn á tín-ín-rín débi pé a lè rí oúnjẹ nínú ikùn wọn. Gíráàmù kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò lè mú ara wọn gbóná. Bí ìyá bá dìde lórí wọn, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù bí àwo ẹ̀kọ tí a gbé kúrò lórí iná. Ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nígbà tí ìyẹ́ bá ti ń yọ, kí wọ́n tó lè dá ooru ara wọn mú.

Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ yìí, ìyá gbọ́dọ̀ ràdọ̀ bò wọ́n. Àwọn ọmọ yìí náà ló sì gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá tóbi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oúnjẹ wọn ni kòkòrò ajẹwé, irú àwọn tó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ lórí ewé, tí kánní tí wọ́n ń jẹ nílé kò jìnnà sí wọn. Ọmọ blue tit kan lè jẹ tó ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́sàn-án. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ìyá a máa jáde díẹ̀, a máa wọlé díẹ̀, òun àti bàbá a jọ máa gbé e wá, kòkòrò a sì tó. Ọjọ́ tí òjò àti atẹ́gùn bá dé ni ìṣirò náà dàrú. Bí ìyá bá jókòó, ebi ni. Bí ó bá dìde, òtútù ni. Àwọn tó ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣàlàyé ẹyẹ ní ìdí tiwọn, àmọ́ n kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é ju pé abiyamọ wà nínú ìdààmú. Kò sí èyí tó lè yàn nínú méjèèjì tí kò ní ná an ní ọmọ.

Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ láti inú lẹ́tà yín, nǹkan bí ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje ni àwọn ọmọ náà wà nígbà tí ìjì yẹn dé. Wọ́n ti tóbi tó láti máa béèrè oúnjẹ púpọ̀, wọn kò sì tíì ní ìyẹ́ tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù. N kò rò pé ọjọ́ mìíràn wà nínú ayé wọn tó burú ju ìyẹn lọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Oxford, tí wọ́n ti ń ka ìtẹ́ great tit, ìbátan blue tit tó tóbi jù ú lọ, nínú igbó Wytham nítòsí Oxford láti ọdún 1947, ti rí irú rẹ̀ náà: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, òtútù ló ń fa ìdàgbà wọn sẹ́yìn jù, bí wọ́n bá ti hu ìyẹ́, òjò ni, nítorí òjò ló ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn.

Òjò ń gbà á báwo? Kòkòrò tí wọ́n ń wá jù ni ọmọ àfòpiná kan tó máa ń fò nínú òtútù ọyẹ́ òyìnbó. Àfòpiná náà ni, ìran èyí tí a ń pòwe pé ó fẹ́ pa fìtílà. Ìyá rẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ ẹ̀ka igi óákù àti igi mìíràn nígbà òtútù, ọmọ á sì jáde nígbà tí ewé bá ń rú, kó lè jẹ ewé títun tó rọ̀. Nígbà tí ewé óákù bá gbó, ó máa ń le, ó sì máa ń korò, nítorí náà kòkòrò náà ń sáré jẹ, ó ń sáré sanra, á wá já bọ́ sílẹ̀ lọ wọ inú ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ọjà náà fi ń kún. Òjò líle àti ìjì máa ń gbọ̀n wọ́n dànù kúrò lórí ewé. Òtútù máa ń mú kí àwọn tó kù dàgbà pẹ̀lú ìlọ́ra, kí wọ́n sì kéré. Àwọn òbí tí ìyẹ́ wọn ti rin gbingbin kò lè fò kiri bí wọ́n ṣe ń fò tẹ́lẹ̀, àwọn náà gbọ́dọ̀ jẹun kí wọ́n má bàa kú. Nítorí náà, bí mo ṣe sọ pé òtútù ló pa àwọn ọmọ yín, ebi ló gba ọwọ́ rẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Cardiff. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ méjì yẹ àpótí blue tit àti great tit wò ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ìgboro ìlú yín gan-an. Wọ́n rí i pé ọmọ púpọ̀ ló ń kú nínú ìtẹ́, ebi ló sì ń pa wọ́n, nítorí kòkòrò ajẹwé kò pọ̀ ní ìgboro bó ṣe pọ̀ nínú igbó óákù. Ìyẹn ni pé ẹyẹ tó bá wọ àpótí ẹ̀yìnkùlé, kò ní oúnjẹ àṣẹ́kù kankan kí òjò tó dé rárá. Nínú igbó, ọjọ́ mẹ́ta òjò lè pa ọmọ méjì nínú mẹ́wàá. Ní àárín ilé àti kọnkéré, òjò kan náà lè ṣe ohun tí ẹ rí.

Ẹ béèrè pé báwo ni mẹ́rin ṣe yè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sàba díẹ̀díẹ̀ kí ó tó yé ẹyin tó kẹ́yìn. Nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jáde. Èyí tó jáde ní ọjọ́ kan ṣáájú àbúrò rẹ̀ ti fi nǹkan jù ú lọ, ọrùn rẹ̀ á gùn ju tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ á gbòòrò ju tirẹ̀. Nígbà tí òbí bá gbé kòkòrò wọlé, ẹnu tó bá ga jù, tó sì pariwo jù, ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Ní ọjọ́ tí oúnjẹ bá pọ̀, àwọn ńlá á yó, wọ́n á dákẹ́, yóò sì kan àwọn kéékèèké. Ní ọjọ́ ìyàn, kì í kàn wọ́n. Ó máa ń dun àwọn ènìyàn láti gbọ́ ọ. Ó máa ń dun èmi náà. Àmọ́ bí oúnjẹ ọmọ mẹ́rin bá pín dọ́gba láàárín mẹ́sàn-án, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló máa kú. Mẹ́rin tó fò jáde ní ilé yín là nítorí pé oúnjẹ kò pín dọ́gba.

N kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín: ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́rin náà ti fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n jáde. Láti àwọn ọdún 1960 ni a ti mọ̀ láti inú iṣẹ́ Chris Perrins, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ní Wytham pé ọmọ tó bá wúwo nígbà tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ló ń rí ìgbà òtútù já ju èyí tó fúyẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ohun tí òjò oṣù Karùn-ún ná àwọn ẹyẹ, òkú inú ìtẹ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó wá ń kó ìdààmú bá èmi jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé bí ayé ṣe ń móoru, wàhálà òtútù á dín kù fún ẹyẹ. Ẹ rántí àgbẹ̀ tó rí òjò àkọ́rọ̀, tó sáré gbin àgbàdo, tí òjò wá kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ ló tàn án. Bí oṣù Kẹta ṣe ń móoru ní Europe àti Amẹ́ríkà, ewé ń tètè rú, kòkòrò ń tètè jáde, àwọn ẹyẹ náà sì ń tètè yé. Great tit igbó Wytham ti ń yé ẹyin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń yé ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n gbọ́n tó láti tẹ̀lé kòkòrò wọn. Àmọ́ òtútù òjijì kò tíì fi oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún sílẹ̀. Ẹyẹ tó bá tètè yé lè bá òtútù pàdé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, nígbà tó jẹ́ pé láyé àtijọ́, ẹyin tí a kò tíì sàba lé ni òtútù yẹn ìbá bá.

Ibi tí wọ́n ti fi ojú rí èyí jù ni Ithaca ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí David Winkler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ti tọ́pa ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní tree swallow fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìran alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ẹyẹ náà. Kòkòrò tó ń fò ló ń jẹ, ojú òfuurufú ló sì ti ń gbá a mú. Wọ́n rí i pé bí ọ̀sán kò bá gbóná tó nǹkan bí 18.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kòkòrò tó ń fò máa ń dín kù gan-an. Ọjọ́ bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn ẹyẹ náà ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta tètè yé sí i, àti pé ewu pé ojú ọjọ́ búburú yóò bá ọmọ wọn nínú ìtẹ́ ti tó ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ ní àwọn ọdún 1970. Ìgbà ìrúwé tó gbóná ló tàn wọ́n jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ dáadáa, ẹyẹ tó ń fi ẹnu kọ́ ilé amọ̀ sábẹ́ òrùlé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwọn tí a ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló jẹ́ tiwa. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti Europe tó ju mílíọ̀nù kan lọ máa ń wá sùn nínú koríko gíga lórí òkè nígbà tí ọyẹ́ bá wà ní ilẹ̀ wọn. Bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin bá dé, wọ́n á sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà padà lọ yé. Ẹ gba ti irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ rò. Blue tit tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yín lè wo ojú ọjọ́ Cardiff kó tó pinnu. Ẹni tó wà ní Boje kò lè mọ̀ bóyá omi ń dì ní Jámánì. Bákan náà ni pied flycatcher, ẹyẹ dúdú-òun-funfun tí igbó óákù Wales yín gbajúmọ̀ fún. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti ń lo ìgbà òtútù. Bí ó bá délé ní ìparí oṣù Kẹrin, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti mọ irú ọdún tó bá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ wíwò tí ẹ ń wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ènìyàn bá sún mọ́ ìtẹ́, ìyá ẹyẹ yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì kọ ọmọ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí blue tit lè kọ ìtẹ́ sílẹ̀ ni ìgbà tó bá ń kọ́ ọ, tàbí tó bá ń yé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Bí ọmọ bá ti jáde, ó ṣòro kó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀rí wà ní ilé yín: bí ìyá àti bàbá bá ti kọ̀ wọ́n, kò sí ìkankan tí ì bá fò jáde nínú mẹ́sàn-án. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ títí dé òpin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fẹ́ máa wò, ẹ má ṣe é lójoojúmọ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún tó. Ẹ má ṣí i ní ọjọ́ òjò tàbí ọjọ́ tó tutù, nítorí ìṣẹ́jú tí ìyá fi dìde lórí ọmọ ìhòòhò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè pa wọ́n lára. Bí wọ́n bá sì ti pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣí i mọ́ rárá, kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n kí wọ́n fò jáde kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ gbé àpótí náà padà. Èmi kò ní iyèméjì kankan lórí ìyẹn. Ihò igi tí àwọn ẹyẹ yìí lè sùn sí kò pọ̀ ní ìgboro. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹnu rẹ̀ máa kọjú sí àárín àríwá àti ìlà-oòrùn, nítorí òjò Cardiff sábà máa ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí omi má bàa wọlé, kí igi rẹ̀ nípọn, kí ihò ẹnu rẹ̀ má ju mìlímítà 25 lọ. Bí ìtẹ́ 2021 bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ kó o dànù, kí ẹ fi omi híhó fọ̀ ọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ iwájú, bí ẹ bá bá ẹyin tí kò di ọmọ nínú àpótí, oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kìíní nìkan ni òfin gbà yín láyè láti yọ ọ́.

Bí òtútù bá tún dé nígbà tí ọmọ wà nínú ìtẹ́, ohun tí ẹ lè ṣe kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ẹ gbé oúnjẹ síta fún àwọn òbí. Bí àwọn fúnra wọn bá yó lọ́dọ̀ yín, kòkòrò tí wọ́n bá rí, ọmọ ni wọ́n á gbé e fún. Mealworm, ìyẹn ìdin kòkòrò tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ohun ọ̀sìn, dára, bó bá jẹ́ gbígbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀, nítorí inú oúnjẹ ni ọmọ ti ń rí omi mu. Ẹ má fi búrẹ́dì sílẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀pà odidi sílẹ̀ láìsí wáyà tó dè é, ó lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ má gbìyànjú láti gbé ọmọ jáde lọ sí ibi iná. Èyí tó sì máa ṣe wọ́n ní àǹfààní jù, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ òtútù rárá: ẹ dáwọ́ fífọ́n oògùn apakòkòrò sí ọgbà dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín gbin igi. Bí àyè óákù kò bá sí, birch tàbí hawthorn lè wọ ẹ̀yìnkùlé. Igi tí kòkòrò bá ń jẹ ewé rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni abà oúnjẹ wọn.

Bí ẹ bá ń ronú pé irú ikú báyìí lè mú kí ìran wọn tán, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí blue tit. Nínú àwọn àgbà, nǹkan bí ìdajì ló ń rí ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọdún tó burú, àwọn tó kù á rí àyè àti oúnjẹ sí i, iye wọn á sì tún gòkè. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni blue tit sábà máa ń tọ́ ọmọ lọ́dún ní Britain, wọn kò dà bí blackbird tó lè tún ìtẹ́ mìíràn ṣe nínú oṣù Kẹfà bí ti oṣù Karùn-ún bá bàjẹ́. Bí ọdún burúkú bá wá tẹ̀lé ara wọn láìdáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹ̀rù àwọn arìnrìn-àjò Boje ló ń bà mí ju ti àwọn olórí aró yín lọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. British Trust for Ornithology, tí a mọ̀ sí BTO, ti ń gba àkọsílẹ̀ ìtẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú láti ọdún 1939. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn bíi tiyín ni a ti ń mọ ọdún tó burú àti ibi tó ti burú, ìtẹ́ tó bàjẹ́ sì wúlò fún wa tó èyí tó yọrí sí rere. Ìṣòro wa ni pé àwọn ènìyàn máa ń kọ ayọ̀ wọn ránṣẹ́, wọ́n á sì fi ìbànújẹ́ pamọ́ sí gáréèjì. Ẹ̀yin ní ọjọ́, ẹ ní iye, ẹ rí i lójú. Bí ẹ bá gbé àpótí náà síta nínú oṣù Kejì, nígbà tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ yín mú ìwé kékeré kan. Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kó kọ ti 2021 sí: Cardiff, ara ògiri ẹ̀yìnkùlé, ẹyin mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́sàn-án, ìjì ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún, mẹ́rin fò jáde.